Èèrà Inú Ilé ní Cadjèhoun: Ìtàn Àwọn Orúkọ Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Lé E Jáde

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ilé kan ní Cadjèhoun, ìbáà ṣe ilé alájà tí ó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú tàbí yàrá kan ṣoṣo nínú àgbàlá ẹ̀yìn *von*, tí èèrà kò tíì bẹ̀ wò. Ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ àdúgbò yìí, gẹ́gẹ́ bí ti Kútọnu lápapọ̀. Òkun wà níwájú, ọ̀sà Nokoué wà lẹ́yìn, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ ẹni. Nígbà tí òjò ńlá bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, omi a dé inú ihò èèrà. Àwọn ẹ̀dá kékeré náà a gbé ẹyin àti ọmọ wọn sẹ́nu, wọn a gba ojú lílà ìpìlẹ̀ ilé, wọn a sì wá ibi gbígbẹ tí oúnjẹ wà. Ilé wa ni ibẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ onílé ń ṣe nígbà náà kò yàtọ̀. Wọn a ní, “Èèrà ti dé,” wọn a ra oògùn apakòkòrò, wọn a sì fọ́n ọn sí gbogbo igun ilé. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ẹni tí kò mọ irú èèrà tí ó wọ ilé rẹ̀ kò lè lé e, ó tilẹ̀ lè sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì lè fi májèlé pa ẹni tí kò yẹ kí ó kú. Ìtàn ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí wa.

Àwọn baba ńlá wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn. Èèrà ni orúkọ gbogbogbòò, ṣùgbọ́n ìjàlọ kì í ṣe èèrà lásán lẹ́nu àgbẹ̀. Ìjàlọ ni èyí tí ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ ogun, tí kì í pẹ́ ní ojú kan. Ìkamùdù ni èyí dúdú ńlá tí ń ta ni, tí òórùn rẹ̀ kò dára. Tanpépé kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bù jẹ kò ní tètè gbàgbé. Ikán wà lọ́tọ̀ pátápátá. Àwọn Faransé ayé àtijọ́ a máa pe ikán ní *fourmi blanche*, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì pè é ní èèrà funfun. Henry Smeathman, ẹni tí ó gbé ní Sàró, kọ àpilẹ̀kọ olókìkí kan nípa ilé ikán, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1781. Àwọn onímọ̀ òde òní ti fi hàn pé aáyán ni ìbátan ikán, kì í ṣe èèrà. Èdè wa kò pa àwọn méjèèjì pọ̀ ní tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún onílé títí di òní. Bí kòkòrò abìyẹ́ bá ya wọ ilé lẹ́yìn òjò, kí a wo ìbàdí rẹ̀. Ìbàdí èèrà rí tín-ín-rín bí ẹni tí ó fi okùn di ara rẹ̀ ní àárín, ìwo orí rẹ̀ sì ká bí ìgbúnwọ́. Ti ikán kò rí bẹ́ẹ̀: ara rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gùn bákan náà. Ẹni tí ó bá rí ikán, igi òrùlé ni kí ó sáré lọ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú àròkọ yìí.

Àwọn àlejò tí wọ́n wá sí etíkun wa ní ayé àtijọ́, ìjàlọ ni ó kọ́kọ́ bà wọ́n lẹ́rù. Willem Bosman, oníṣòwò ará Họ́láǹdì tí ó ṣiṣẹ́ ní Elmina, tí ó sì mọ Ouidah dáadáa, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1704 pé èèrà a máa kọlu àgùntàn òun láàyè ní òru, tí ó fi jẹ́ pé egungun nìkan ni òun ń bá nílẹ̀ ní òwúrọ̀. Thomas Savage, míṣọ́nnárì àti oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tí ó wà ní Cape Palmas ní Làìbéríà, fi àkókò sílẹ̀ láti wo ìjàlọ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1847 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde, ọdún kan náà tí ó fi ìnàkí ńlá tí à ń pè ní *gorille* han àwọn onímọ̀ ayé. Ó ṣàkíyèsí ohun tí ìyá àgbà èyíkéyìí ní oko lè sọ fún un: bí ìjàlọ bá wọlé, onílé a jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá lọ, eku, aáyán àti àwọn kòkòrò mìíràn a ti tán nínú ilé náà. Ìjàlọ jẹ́ àlejò tí ń gbálẹ̀ kí ó tó lọ. Àwọn tí a ń bá jà ní Cadjèhoun kì í lọ.

Kí a wá wo bí àwọn onímọ̀ Yúróòpù ṣe sọ àwọn èèrà ilé wọ̀nyí lórúkọ, nítorí orúkọ ń roni, ó sì máa ń ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. Ní ọdún 1758, Linnaeus ará Sweden fún èèrà pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí ó ti Íjíbítì wá ní orúkọ Fáráò. *Fourmi pharaon* ni àwọn Faransé ń pè é títí di òní. Àwọn ènìyàn so orúkọ náà mọ́ àwọn ìyọnu tí ó bá Íjíbítì nínú Bíbélì. Ẹni tí ó bá ka Ẹ́kísódù dáadáa yóò rí eṣinṣin, yóò rí eéṣú, kò ní rí èèrà kankan níbẹ̀. Ní ọdún 1793, Fabricius ará Denmark sọ èèrà méjì lórúkọ tí ó kàn wá. Èkíní ni olórí-ńlá, *fourmi à grosse tête*, tí a mú wá fún un láti Île de France, ìyẹn erékùṣù Mauritius òde òní. Èkejì ni èyí tí orí rẹ̀ dúdú tí ìdí rẹ̀ sì funfun bí ẹni pé omi ni, *fourmi fantôme*, èyí tí a rí ní Cayenne ní Gúyánà àwọn Faransé. Ní ọdún 1802, Latreille ará Faransé sọ ẹ̀kẹrin lórúkọ, èyí tí ìwo orí rẹ̀ gùn, tí ń sáré kiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, *fourmi folle*. Sẹ̀nẹ̀gàlì ni a ti mú tirẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ Latreille yìí yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀. Àlùfáà ni, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Bordeaux nígbà Ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé. Kòkòrò kékeré kan tí ó rí nínú túbú, tí ó sì mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ni ó mú kí àwọn onímọ̀ ìta bẹ̀bẹ̀ fún un títí a fi dá a sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ kòkòrò yàtọ̀ sí kòkòrò ni a fi ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà là.

Ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí a ti rí nǹkan kì í ṣe orúkọ ibi tí ó ti ṣẹ̀. James Wetterer, onímọ̀ èèrà ará Amẹ́ríkà, kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ àti tuntun jọ nípa àwọn èèrà arìnrìn-àjò wọ̀nyí láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí ni pé ìhà Éṣíà ni ó ṣeé ṣe jù kí èèrà Fáráò, èyí tí a rí ní Cayenne àti èyí tí a rí ní Sẹ̀nẹ̀gàlì ti wá. Nínú àwọn mẹ́rin náà, olórí-ńlá nìkan ni a gbà pé ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, òun náà kò sì gba orúkọ rẹ̀ ní ilé baba rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé gbogbo wọn kiri, nínú àpótí ọjà, nínú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò òdòdó, lábẹ́ èèpo igi.

Olórí-ńlá tiwa yìí ti ṣe ohun tí ó burú ní ilẹ̀ àjèjì. Ní ọdún 1852, Oswald Heer ará Switzerland kọ àpilẹ̀kọ odidi kan lórí èèrà tí ó gba inú ilé àwọn ará Madeira. Òun kan náà ni. Ní erékùṣù Hawáì, Perkins kọ ọ́ ní ọdún 1913 pé ibi tí èèrà yìí bá ti dé, àwọn kòkòrò ìbílẹ̀ a pòórá níbẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, níbi tí a ti kà á sí àlejò, ìwádìí tí ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024 fi hàn pé ó pa àwọn èèrà tí ń ṣọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún ní Laikipia. Nígbà tí igi kò ní ẹ̀ṣọ́ mọ́, erin wó wọn; nígbà tí igbó di gbalasa, kìnnìún kò rí ibi lúgọ de ẹṣin abilà mọ́, ó sì yí padà sí ẹfọ̀n. Èèrà kékeré bẹ́ẹ̀ ni ó yí oúnjẹ kìnnìún padà.

Kútọnu kò lè bọ́ nínú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà àdéhùn ọdún 1868 tí ó fi ilẹ̀ yìí lé Faransé lọ́wọ́, dé ìgbà tí a kọ́ *wharf* ní ìparí ọ̀rúndún 19, títí di ìgbà tí a ṣí èbúté omi jíjìn ní ọdún 1965, ìlú tí ń gba ẹrù sọ̀ ni. Cadjèhoun ní tirẹ̀ tún jẹ́ ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ sí. Ibi tí ẹrù ayé bá ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni èèrà ayé ń gbà.

Nítorí náà, kí onílé mú fìtílà, kí ó tẹ̀ lé ìlà èèrà kí ó tó mú oògùn. Bí ó bá rí òkìtì iyanrìn wẹ́wẹ́ lẹ́bàá ògiri tàbí láàárín táìlì, tí ó sì rí àwọn kan tí orí wọn tóbi ju ara wọn lọ láàárín àwọn kéékèèké, olórí-ńlá ni. Inú ilẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà, kì í ṣe inú ògiri. Bí ó bá jẹ́ dúdú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tí kì í rìn tààrà, tí ó ń yí bírí bírí, *fourmi folle* ni. Bí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fẹ́ rí ìdí rẹ̀, kí a fi ìka tẹ ọ̀kan, kí a gbóòórùn rẹ̀: òórùn àgbọn tí ó ti bàjẹ́ ni ti *fourmi fantôme*, ará etíkun kò sì nílò olùkọ́ kankan láti mọ òórùn yẹn. Bí ó bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí oyin, tí ó ń rìn pẹ̀lẹ́ lórí ìlà kan, tí ó ń ti ẹ̀yìn ojú iná mànàmáná tàbí ẹ̀yìn fìríìjì jáde, tí ó sì ń jẹ ẹran àti òróró bí ó ti ń jẹ ṣúgà, a ti bá Fáráò pàdé. Òun ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù.

Kí oògùn tó dé, omi ni ààbò oúnjẹ. Nínú ilé àwọn àgbà, àti nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ayé Faransé pẹ̀lú, a máa ń ki ẹsẹ̀ àpótí oúnjẹ, *garde-manger*, bọ agolo omi tàbí agolo kẹrosíìnì. Ẹlòmíràn a gbé oúnjẹ sí àjà lórí ààrò, níbi tí èéfín ń gbà, ẹlòmíràn a fi okùn so agbọ̀n kọ́. Eérú ni à ń dà sí ojú ọ̀nà èèrà. Gbogbo rẹ̀ ní ọgbọ́n kan nínú: kò sí ẹni tí ó ń gbìyànjú láti pa gbogbo èèrà ayé, oúnjẹ ni wọ́n ń gbé kúrò lọ́nà rẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èrò yìí yí padà. Oògùn olóró dé, ó sì dà bí ẹni pé kòkòrò ti tán láyé. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957 láti fi ọkọ̀ òfurufú da dieldrin àti heptachlor sórí oko àti ìletò ní ìhà gúúsù, kí wọ́n lè pa èèrà pupa oníná kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ẹyẹ kú, ẹja kú, ẹran ọ̀sìn kú. Rachel Carson ya orí kan sọ́tọ̀ fún irú ìfọ́nkáàkiri bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1962. Èèrà náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti fẹ̀ sí i.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní pápá gbalasa níbẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìdáná lójoojúmọ́ bí ó bá jẹ́ Fáráò ni a ń bá jà. Ọ̀pọ̀ èèrà ní ìyá kan ṣoṣo nínú agbo wọn. Bí ìyá bá kú, agbo tán. Agbo Fáráò ní ìyá púpọ̀. Nígbà tí oògùn fífọ́n bá dà wọ́n láàmú, díẹ̀ nínú àwọn ìyá náà a kó òṣìṣẹ́ àti ọmọ lẹ́yìn, wọn a sì dá ilé tuntun sílẹ̀ nínú ògiri mìíràn. Agbo kan a di mẹ́ta, mẹ́ta a di mẹ́fà. Àwọn tí ó kú lórí táìlì, tí onílé ń fi ìgbálẹ̀ kó pẹ̀lú ayọ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó jáde wá oúnjẹ. Àwọn ìyá kò tilẹ̀ gbóòórùn oògùn náà.

Ilé ìwòsàn ni a ti rí ewu rẹ̀ kedere jù. Ní ọdún 1972, Beatson tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú *The Lancet* nípa èèrà Fáráò nínú àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé wọ́n ń gbé kòkòrò àrùn kiri lára wọn, lára èyí tí Salmonella àti Staphylococcus wà. Wọ́n kéré tó láti wọ inú ohun èlò tí a ti dì fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń wá ọ̀rinrin ara ọgbẹ́. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tuntun tàbí aláìsàn nílé, kí ó má ṣe fojú kékeré wò wọ́n.

Ọ̀nà àbáyọ tí a rí lọ́ra, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi ní òkìkí. Ìjẹ ni. Kàkà kí a pa òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà, kí a jẹ́ kí ó gbé ikú lọ sílé fún ìyá rẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lo methoprene, ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọ èèrà dàgbà, nínú ìjẹ fún Fáráò. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1990 sí 1999, John Klotz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé *acide borique* tí a tú sínú omi ṣúgà ń ṣiṣẹ́ bí kò bá ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn: omi lítà kan, ṣúgà 100 gírámù, *acide borique* 10 gírámù. Bí a bá fi kún un nítorí ìkánjú, òṣìṣẹ́ a kú kí ó tó délé, iṣẹ́ a sì bàjẹ́. Kí a fi òwú rẹ̀ ẹ́, kí a gbé e sínú ìdérí ìgò lẹ́bàá ọ̀nà wọn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ẹran ilé kò lè dé, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fún Fáráò, kí a fi ẹ̀dọ̀ sísè tàbí oyin pò ìjẹ mìíràn, nítorí ṣúgà nìkan kì í tó o. Ní gbogbo àkókò yìí, kí ẹnikẹ́ni má fọ́n oògùn. Èyí ni ó ṣòro jù fún onílé, láti máa wo èèrà tí ń jẹun kí ó má sì pa á.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. A kò sọ èyí fún àwàdà. Ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, ní Borgou ní àríwá ilẹ̀ wa, endosulfan tí a ń fọ́n sí òwú pa ó kéré tán ènìyàn 37, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba. Oúnjẹ tí májèlé bá ara pọ̀ àti àgbá òfo tí a tún lò wà lára ohun tí ó fa ikú wọ̀nyẹn. Oògùn oko tí ó bá wọ ilé kì í tún ṣe oògùn oko mọ́. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré dichlorvos, èyí tí ayé mọ̀ sí Sniper, ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí ó ti di ohun tí a ń lò nínú yàrá àti ohun tí àwọn kan fi ń gba ẹ̀mí ara wọn. Ẹni tí ó bá da irú rẹ̀ sí ilé ìdáná nítorí èèrà olórí-ńlá, tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú iyanrìn, ti fi ọmọ rẹ̀ wewu lórí èèrà tí kò tilẹ̀ gbé inú ilé.

Fún olórí-ńlá, sìmẹ́ǹtì ni oògùn. Kí a dí ojú lílà ìpìlẹ̀ àti àlàfo tí páìpù omi gbà wọlé, kí a sì gé ẹ̀ka igi tí ó fara kan òrùlé. Kí a gbé ìkòkò òdòdó kúrò lẹ́bàá ògiri. Ìlà tí wọ́n fi òórùn là sílẹ̀ lórí tábìlì, omi ọṣẹ a máa pa á rẹ́. Ṣúgà àti ìyẹ̀fun, inú ohun tí ó ní ìdérí líle ni ààyè wọn.

Èèrà kan ṣẹ́kù tí a fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún, èyí tí ń fi ewé ṣe ilé lórí igi máńgòrò nínú àgbàlá, tí ń já ọmọ tí ó bá gùn ún. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń fi iná sun ún. Ní ọdún 2007, Van Mele, Vayssières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde láti inú oko máńgòrò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí gan-an: igi tí èèrà náà bá pọ̀ lórí rẹ̀, èso rẹ̀ kì í sábà ní ìdin eṣinṣin èso. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ irú ọgbọ́n yìí fún igi ọsàn ní nǹkan bí ọdún 304. Èèrà yìí kì í wá ṣúgà nínú ilé ìdáná. Kí a sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi ọ̀pá já máńgòrò.

Àsìkò tí ó dára jù fún iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ni oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí iyanrìn Cadjèhoun ṣì gbẹ, tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí àwọn olórí-ńlá sì wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé.